Bí Alága Pudney Ṣe Tọ́ Ọtí Wò

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré ìlú wa Wongaree, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta gbáko ni Clement Pudney, alága káńsù wa, fi sọ̀rọ̀. Ó ti so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó mú àlùmọ́gàjí ńlá dání, ṣùgbọ́n kò gé e. Ó kọ́kọ́ sọ bí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ṣe ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ó sọ ipa tí ìgbọ̀nsẹ̀ kó nínú ọ̀làjú. Ó sọ bí òun fúnra òun ṣe yan àwọ̀ táìlì. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn àgbàlagbà mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n dúró lórí ìlà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan lọ́ mọ́ èkejì, wọ́n tẹjú mọ́ àlùmọ́gàjí bí aláàwẹ̀ ṣe ń wo oúnjẹ. Nígbà tó fi máa gé rìbọ́ọ̀nù, àwọn méjì ti sáré lọ sílé, ọ̀kan ò sì nílò rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, irú ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín nìyẹn. Ìlú ọkà àti àgùntàn ni Wongaree, ní gúúsù Ọsirélíà. Bí oòrùn oṣù Kejì bá ń mú níbẹ̀, kannakánná á jókòó sábẹ́ igi, á la ẹnu sílẹ̀. Ṣòkòtò péńpé ni gbogbo wa ń wọ̀ nínú oòrùn yẹn. Pudney nìkan ló ń wọ aṣọ ìgúnwà pupa onírun tó balẹ̀, pẹ̀lú ṣéènì oyè tó ṣeé so màlúù mọ́lẹ̀. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì. Bẹ́ẹ̀ àwa kì í fi oyè pe ara wa. Bob là ń pe dókítà, Sue là ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá. Pudney ní ká máa pe òun ní Ọlọ́lá Jùlọ. Clem là ń pè é.

Ẹni méjì péré ló gbà fún un. Rex Noske, igbákejì rẹ̀, gbà nítorí pé ojú rẹ̀ wà lára ipò náà. Mervyn Tregilgas, akọ̀wé káńsù, gbà nítorí pé ẹ̀rù ń bà á. Bí Alága bá húkọ́, Noske á ní, "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe jinlẹ̀ tó!" Bí Alága bá gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, Tregilgas á kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé Ọlọ́lá Jùlọ dákẹ́ díẹ̀ láti ronú. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ọtí tó dé.

Àwọn káfíńtà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọtí. Wọ́n ń tú pákó ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n sì bá ìgò mọ́kànlá lábẹ́ rẹ̀, tí ìdérí wọn ṣì dì pinpin. Ọtí ilé ìpọntí Wongaree àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n tì pa lọ́dún 1924. Àwọn káfíńtà ti ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣí i. Orí ló bá wa ṣe é tí Noreen Klaebe ń kọjá lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Noreen, kò fẹ́ ọkọ rí, ogójì ọdún ló sì fi ṣe tíṣà nílùú wa. Yàtọ̀ sáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtàwọn tó jù ú lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́njú ní Wongaree tí kò jókòó níwájú rẹ̀ rí. Ó na ọwọ́, ó ní, "Ẹ kó o wá," wọ́n sì kó o fún un. Ó fi omi ṣúgà tó lọ́ wọ́rọ́ tan ìwúkàrà tó ti sùn sísàlẹ̀ àwọn ìgò náà láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ìwúkàrà jí, ó ń hó yaya.

Noreen bá háyà ilé ìpọntí àtijọ́ náà fún ọdún kan lọ́wọ́ káńsù tó ni ín. Ìkòkò bàbà ńlá kan wà láàárín ilé náà; ìkòkò yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí wọ́n tó mọ ilé yí i ká. Kò ṣeé gbé jáde, kò sì ṣeé tú. Inú rẹ̀ ni ó ti pọn ọtí náà. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ti mu nínú rẹ̀. Ó ń ta sánsán bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ààrò, ó korò díẹ̀ ní gbẹ̀yìn ọ̀fun, ó sì rú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìgò ọtí rírú, ì báà jẹ́ ti Noreen tàbí ti ilé ìpọntí mìíràn, ẹnikẹ́ni kì í kàn ṣí i lágbègbè wa. A ó tẹ́ ẹ sórí káńtà, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lọ yí i bọ̀, kí ìwúkàrà tó sùn sídìí rẹ̀ lè jí, kó dàpọ̀ mọ́ ọtí, ká tó ṣí i. Kódà ẹni tí kì í mutí mọ̀ ọ́n, torí kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń ní kó bá òun yí i.

Láti ìgbà tí Noreen ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ìdí fèrèsé ló máa ń jókòó sí, á máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá. Nílùú wa, wọn kì í kọjá mẹ́rin lóòjọ́. Ọtí yìí ló gbé e dìde. Aago márùn-ún àárọ̀ ló ń jí báyìí, ó ń súfèé. Àwọn afárun àgùntàn tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọn ò jáde láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú, ń wá jókòó ti ìkòkò bàbà náà, wọ́n ń bú ara wọn, inú wọn sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ọdún kan tí wọ́n fún un ti ń parí lọ. Káńsù ló máa dìbò bóyá yóò máa bá a lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí akọ̀ròyìn obìnrin kan kọ̀wé láti Adelaide pé òun ń bọ̀ wá tọ́ ọtí náà wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tí Pudney bá gbọ́ "akọ̀ròyìn", fọ́tò ló ń rí. Ó pe ìpàdé pàjáwìrì.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ó ní, ó gbọ́wọ́ lé ṣéènì, "inú ẹ̀jẹ̀ mi ni ọtí yìí wà. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi, Josiah Pudney, òun ni olórí atọ́tíwò ilé ìpọntí náà. Ahọ́n rẹ̀ ni mo jogún."

Noske gbá tábìlì. "Ó hàn lára ahọ́n yín, Ọlọ́lá Jùlọ!"

"Ṣé ó hàn?"

"Ẹ ò tíì ní í sọ̀rọ̀ tán tó fi máa hàn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín. Josiah Pudney ò fi ètè kan ọtí títí ó fi kú. Òun ni olórí ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ọtí. Òun ló kó ìyá ìjọ méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, tí wọ́n ń kọ orin ìsìn níwájú ilé ìpọntí lójoojúmọ́ títí wọ́n fi tì í. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta ibojì rẹ̀ gàdàgbà gadagba. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Pudney ò tilẹ̀ rìn tó ọjọ́ márùn-ún.

"Nǹkan kan ló kù," ni Alága wí. "Wọ́n ní ọtí náà rú."

"Ó rú gan-an ni," ni Tregilgas wí, ó ń kọ̀wé lọ.

"Kò gbọdọ̀ rú! Ìlú tó tòrò ni mò ń darí. Ọtí tó tòrò ni ìlú tó tòrò ń mu. Bí ará Adelaide bá rí ọtí rírú lọ́wọ́ mi, wọn á ní ìṣàkóso mi náà rú."

Noske yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú tí omi ò sí níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Mo fẹ́ lọ sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi."

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti ṣòfin pé ọtí rírú ò gbọdọ̀ sún mọ́ Alága tó mítà mẹ́wàá. Wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ife sẹ́nu kí Alága tó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ṣòfin pé àwòrán Alága ló máa wà lára ìgò, kí wọ́n sì ya á láti apá ọ̀tún, torí apá òsì kì í yọ dáadáa. Kánsẹ́lọ̀ kan béèrè bóyá òfin ọtí rírú kan tíì oníwàrà. Wọ́n ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn á gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Pudney lọ sí ilé ìpọntí. Noske ń bá a gbé fáìlì, Tregilgas ń bá a lé eṣinṣin. Wọ́n bá Noreen tó wọ bàtà òjò, tó ń fọ ìgò.

"Clem, nu ẹsẹ̀ ẹ," ó ní. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

"Tíṣà, ẹ mọ̀ pé Ọlọ́lá Jùlọ ni wọ́n ń..."

"Mo mọ̀. Nu ẹsẹ̀ ẹ."

Ó nu ẹsẹ̀. Noske àti Tregilgas náà nu tiwọn.

"Mo gbọ́ pé ọtí yín dùn," ni Pudney wí.

"O gbọ́ ni? O ò tíì tọ́ ọ wò?"

"Alága kì í tọ́ nǹkan wò ní kọ̀rọ̀. Gbangba ni mo ti ń tọ́ nǹkan wò. Àmọ́ ó rú, Tíṣà. Ẹ bá mi yọ ohun tó ń mú un rú kúrò."

"Ìwúkàrà ni. Òun gan-an ló sùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún tó tún jí. Bí mo bá yọ ọ́, kí ló kù? Omi ọkà. Mi ò yọ nǹkan kan."

Pudney ní kí Noske ṣí fáìlì. Ó fa ìwé kan yọ, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Ìwé háyà ilé yìí rè é. Ogún ọdún. Mo ti fọwọ́ sí i. Ìdìbò ló kù, ìdìbò sì wà lápò mi. Tó bá di Sátidé, ọtí tó tòrò ló máa wà nínú ife mi, bó ti wù kí n rí i. Iṣẹ́ tiyín ni pé kí ẹ dìde níwájú àwọn èèyàn, kí ẹ ní ọtí yín ni. Kò ju ìyẹn lọ."

"Bí mi ò bá dìde ńkọ́?"

"Ilé yìí á di Ilé Ìrántí Pudney. A ó da kọ́ńkéré sínú ìkòkò yẹn, a ó gbé ère mi lé e lórí."

"Ère tó tóbi dáadáa," ni Noske fi kún un.

Noreen wo ìkòkò bàbà náà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó sórí àpótí ìgò. Inú bí i, àmọ́ ẹ̀rù bà á ju bí inú ṣe bí i lọ. Ó mọ̀ pé bí ilé yìí bá bọ́, ìdí fèrèsé náà ló ń padà sí.

Ní ìta, Pudney gbá Tregilgas léjìká. "Mervyn, wá ọtí tó tòrò fún mi."

"Báwo ni, Ọlọ́lá Jùlọ?"

"'Kí ni' ni iṣẹ́ alága. 'Báwo ni' ni iṣẹ́ akọ̀wé."

Ẹ wá wo wàhálà Tregilgas. Ó gba páálí ọtí kan lọ́wọ́ Noreen, ó fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ, ó rú. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ sẹ́ ẹ, ó rú, ìyàwó sì bínú. Ló bá rántí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ káńsù. Ó da ọtí sí i. Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó kérora, ó sì pọ gbogbo ẹ̀ sínú adágún. Àwọn ìyá àgbà tó ń ṣe eré ìdárayá nínú omi láràárọ̀ bá omi tó ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì kọ̀, wọn ò jáde títí di ọ̀sán. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí káńsù ti wà, ohun rere àkọ́kọ́ tó máa ṣe fáwọn nìyẹn.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí kò tíì sí ọtí tó tòrò, Tregilgas sáré wọ ilé ìtajà, ó gbé agolo bíà mẹ́fà tó kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ dà á sínú ìgò tó ní àwòrán Alága. Ìgbà tó dà á tán ló tó ka ohun tó wà lára agolo. Ó jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kó àwọn agolo náà sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, ó ń gbàdúrà.

Gbọ̀ngàn kún bámúbámú. Ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí fáànù kàn ń yí afẹ́fẹ́ gbígbóná ká. Wọ́n ń yan sọ́séèjì níta. Ní ìlà iwájú pátápátá, Dud Schirmer jókòó, ẹni ọgọ́rin ọdún tó fi márùndínláàádọ́ta nínú rẹ̀ rẹ́ irun àgùntàn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò fi lè nà mọ́. Pudney wọlé nínú aṣọ onírun, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bíi gọ́tà. Ó tẹ̀ sí etí Noreen, ó fi ìwé háyà hàn án nínú apá aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ogún ọdún, Tíṣà." Lẹ́yìn náà ó gba gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ọmọ Wongaree! Ẹ̀yin àlejò! Ẹ̀yin ìran tí a kò tíì bí!"

Ìran tí a kò tíì bí ò dáhùn. Àwọn tí wọ́n bí ń fẹ́ra. Ó sọ̀rọ̀ títí sọ́séèjì fi jóná níta. Ó sọ̀rọ̀ nípa Josiah, ó sọ̀rọ̀ nípa ahọ́n, ó sì ní ìyàtọ̀ díẹ̀ ló wà láàárín ọkà tó hù lọ́dún 1921 àti òun fúnra òun. Lẹ́yìn náà ló gbé ife onígóòlù sókè. Ọtí inú rẹ̀ mọ́ gaara. Noreen wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ọtí òun.

Alága mu ún. Ó di ojú. Ó fi ṣan ẹnu, ó ń mí láti imú bí ẹṣin.

"Mo ń gbọ́ òórùn ilẹ̀ yìí kí òjò tó rọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Mo ń tọ́ òógùn àwọn baba wa wò. Kò sí ilé iṣẹ́ kan lábẹ́ ọ̀run tó lè ṣe èyí! Ẹ dì mí lójú, ẹ gbé ọgọ́rùn-ún ọtí síwájú mi, màá mú èyí jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá lè fi hàn pé ahọ́n mi ṣìnà, kí n bọ́ ṣéènì yìí sílẹ̀ lójú gbogbo yín!"

Noske ti da tirẹ̀ mì ní ẹ̀ẹ̀kan. "Háà! Ó le! Ó ti gun orí mi!" Ó di èjìká Tregilgas mú kó má baà ṣubú. Tregilgas tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀.

Akọ̀ròyìn láti Adelaide dìde. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ó mú ọ̀kan nínú ìgò tí Noreen gbé wá, ó gbé e fún Alága. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ ya fọ́tò. Ẹ bá wa ṣí ọ̀kan bí bàbá ńlá yín ṣe máa ń ṣí i."

Inú Pudney dùn. Ó nu ìgò náà, ó gbé e dúró ṣánṣán bí abẹ́là, ó rọra ṣí i. Ó ń dà á sínú ife díẹ̀díẹ̀ kí ohun ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà dìde. Nígbà tó kan ìdí ìgò, ó da èyí tó kù sínú àwo òdòdó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ fún kámẹ́rà.

Gbogbo gbọ̀ngàn tẹjú mọ́ àwo òdòdó náà.

"Clem," ni Dud wí, "o ò yí i."

"Kí ni mo fẹ́ yí?"

Ẹ̀yin ará, ó kúkú sàn kó ti bú ìyá ẹnì kan. Obìnrin àgbàlagbà kan lẹ́yìn figbe ta, ó ní, "Ó da ìwúkàrà nù!" bí ẹni pé ọmọ ló dà nù.

"Ọmọ ọdún méje nílùú yìí mọ̀ pé wọ́n ń yí i," ni Dud wí. "Atọ́tíwò wo ló bí ìwọ? Bàbá mi mọ Josiah yín dáadáa. Orin ìsìn nìkan ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀, ọtí ò wọ ibẹ̀ rí. Ṣé o ò dé itẹ́ òkú rí ni?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, ó ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Pudney pọ́n ju aṣọ rẹ̀ lọ. Ó gbé èyí tó dà sínú ife, ó mu ún, ó sì tú u jáde sórí tábìlì. "Ìdọ̀tí! Èyí kọ́ ni ọtí Wongaree! Omi ìfọ-àgùntàn ni! Tíṣà, ẹ dìde, ẹ sọ fún wọn. Èwo ni ọtí yín? Èyí tó tòrò, àbí ìdọ̀tí yìí?" Ó fa ìwé háyà yọ, ó gbé e sókè níbi tí Noreen ti lè rí ìfọwọ́sí rẹ̀ kedere.

Noreen dìde. Ó wo ìwé náà. Ogún ọdún ju ohun tó kù fún un láyé lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ní kó sọ. Ta ni ì bá dá a lẹ́bi? Èmi ò ní dá a lẹ́bi. Èmi ì bá ti sọ ọ́, kí n sì máa pọn ọtí mi lọ. Pudney ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí bí ẹni tó ti borí nínú ìdìbò.

"Mervyn Tregilgas," ni Noreen wí. Kò gbóhùn sókè rárá. "Dìde dúró. Gbé orí sókè."

Tregilgas dìde wùyà. Bàbá mẹ́ta tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n jókòó lẹ́yìn, dìde pẹ̀lú rẹ̀ láìmọ ìgbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

"Kí ló wà nínú ìgò Clem?"

"Bíà ni, Tíṣà."

"Bíà wo?"

"Ti... ti inú agolo."

"Sọ ọ́ sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn náà fẹ́ gbọ́."

"Agolo mẹ́fà, láti ilé ìtajà!" Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá a, mò ń kánjú, mi ò kà á. Èyí tí wọ́n ti yọ ọtí inú ẹ̀ kúrò pátápátá ni, Tíṣà. Ẹ má bínú."

Dud rọra yí ọrùn sí Noske, tó ṣì di èjìká akọ̀wé mú.

"Rex," ó ní, "báwo ni orí ẹ?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èèyàn ń gbá ara wọn lẹ́yìn, ọ̀gá ọlọ́pàá Sue fi fìlà bo ojú. Pudney ń pariwo nínú gbohùngbohùn pé òun pàṣẹ kí wọ́n dákẹ́, àmọ́ ìyẹn ló ń dá kún un. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ janlẹ̀. "Ṣé-è-nì! Ṣé-è-nì!" Ẹ rántí pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Nílùú wa, a lè dárí ji olè. A kì í dárí ji ẹni tó ta tẹ́tẹ́ níwájú èèyàn, tí kò wá fẹ́ san án.

Pudney ya ìwé háyà náà sí mẹ́rin, ó dà á sílẹ̀ níwájú Noreen. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan ṣéènì. Ó ti há mọ́ irun ọrùn aṣọ rẹ̀; ó fà á, kò jáde. Noske, tí orí rẹ̀ ti dédé wálẹ̀, ló bọ́ síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un, Clem," ó ní.

Ọdún mẹ́sàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é ní Clem nìyẹn.

Pudney kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, káńsù jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé ìpọntí. Noreen jókòó lẹ́yìn, ó ti wọ ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, torí pé ó ti gbà pé ó ti parí. Noske ló wà lórí àga ńlá pẹ̀lú ṣéènì lọ́rùn. Ó dìde, ó gbọ́wọ́ lé e.

"Láti kékeré," ó ní, "ni mo ti fẹ́ràn ohun tó rú. Ìlú tó wà láàyè kì í tòrò. Adágún òkú ló ń tòrò!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ," ni kánsẹ́lọ̀ kan wí. Ó ti mú gègé.

Kò sẹ́ni tó takò ó. Ogún ọdún ni wọ́n fún Noreen láti máa lo ilé náà. Noreen bo ẹnu, ó sunkún díẹ̀, kò sì tijú. Ìgbà tó fọwọ́ sí ìwé tán ni Noske rọra fa àga sún mọ́ ọn.

"Tíṣà, nǹkan kékeré kan ló kù. Àwòrán ara ìgò yẹn. Mo rò pé ojú tèmi..."

"Rex," ni Noreen wí, "jókòó."

Ó jókòó.

Ìdìbò tuntun dé, Pudney tún jáde dupò. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló dìbò fún un. Clem Agolo lorúkọ tí ìlú fún un, orúkọ yẹn ló sì ń jẹ́ títí dòní. A ò rí i níta fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, ó wọ ilé ìpọntí nínú ṣòkòtò péńpé. Orúnkún rẹ̀ funfun bí ẹyin, torí oòrùn ò rí wọn láti ọdún mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Dud sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Noreen mú ìgò, ó yí i, ó ṣí i, ó dà á, ó gbé e fún un.

Ó mu ún. Ó pẹ́ kó tó gbé ife náà kúrò lẹ́nu. Ó wo inú rẹ̀, ó wo ìkòkò bàbà, ó wo Noreen.

"Ó dùn," ó ní.

Dud mi orí. "Ọ̀rọ̀ tó dáa jù tó ti jáde lẹ́nu ẹ nìyẹn, Clem. Jẹ́ kó mọ síbẹ̀."

Pudney nu ètè. Ó wo gbogbo wa tá a jókòó yí ká, bá a ṣe dákẹ́, bá a ṣe kọjú sí i. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ó dìde, ó wú àyà, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ̀yin ọmọ Wongaree," ó ní.

Noreen gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀.